Ìtàn Allan Simonsen, Agbábọ́ọ̀lù Ọmọ Ilẹ̀ Dẹ́ńmákì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ìtàn Allan Simonsen mu pẹ́kípẹ́kí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá, ọdún 1952, ni a bí i ní ìlú Vejle ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì. Kò ga rárá, ara rẹ̀ kò sì tóbi. Bí ó bá dúró láàrin àwọn adẹ́yìnmú, ènìyàn lè rò pé ọmọ ilé-ìwé ni. Síbẹ̀, òun ni ọmọ Dẹ́ńmákì àkọ́kọ́ tí a fún ní ẹ̀bùn Bọ́ọ̀lù Wúrà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jùlọ ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Kí ìtàn yìí tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ti rí ní Dẹ́ńmákì láyé ìgbà náà. Ìgbàgbọ́ àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ ni pé eré ni bọ́ọ̀lù, kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba òkè-òkun lọ láti fi bọ́ọ̀lù jẹun, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kì í pè é mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní ẹ̀bùn ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: yálà kí ó wá owó lọ, tàbí kí ó máa wọ aṣọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n tó mú òfin yìí kúrò, ọdún 1978 ni wọ́n sì tó gbà kí a máa sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù nílé.

Àsìkò tí ilẹ̀kùn yìí ṣí gan-an ni Simonsen dàgbà. Pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, Vejle, ó gba ife líìgì Dẹ́ńmákì ní ọdún 1971 àti 1972. Ó bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Munich ní 1972, ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Borussia Mönchengladbach ti ilẹ̀ Jámánì sì mú un. Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn fún un níbẹ̀, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà gba ife líìgì ní ìgbà mẹ́ta léraléra, láti 1975 sí 1977. Ní 1975 náà ni wọ́n na Twente ní góòlù 5 sí 1 láti gba ife UEFA, tí Simonsen sì gbá méjì wọlé nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1977, ẹgbẹ́ rẹ̀ kojú Liverpool ní ìlú Róòmù nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù. Liverpool ló borí pẹ̀lú góòlù 3 sí 1, ṣùgbọ́n Simonsen ló gbá ẹyọ kan tí Jámánì ní wọlé. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, òun ni a fi Bọ́ọ̀lù Wúrà dá lọ́lá pẹ̀lú ìbò 74. Kevin Keegan ní 71, Michel Platini sì ní 70.

Ní 1979, lẹ́yìn tí ó tún gba ife UEFA, ó lọ sí Barcelona. Ó gbá góòlù wọlé nínú àṣekágbá tí wọ́n fi gba ife àwọn olúborí ní 1982. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn ni Barcelona ra Maradona. Àlejò méjì péré ni òfin Sípéènì gbà kí ẹgbẹ́ kan lò pọ̀, Schuster ọmọ Jámánì sì ti wà níbẹ̀. Simonsen di ẹnì kẹta. Kò jókòó síbẹ̀ kí ó máa wòran. Ó gba ẹgbẹ́ Charlton lọ, tí ó wà ní ìpele kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Góòlù 9 ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16, ṣùgbọ́n agbára Charlton kò ká owó rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ní 1983, ó padà sí Vejle.

Ìpadàbọ̀ yìí kì í ṣe òpin. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, òun ló gbá bọ́ọ̀lù wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ wọlé ní Wembley, tí Dẹ́ńmákì fi na Gẹ̀ẹ́sì ní 1 sí òdo. Ìṣẹ́gun yìí wà lára ohun tí ó gbé wọn dé ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ti 1984. Ó ṣe ni láàánú pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀, pẹ̀lú Faransé, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ títí dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Òun kò lè bá wọn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Dẹ́ńmákì lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1986, ó wà láàrin wọn, ó sì wọlé dípò ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n kojú Jámánì. Ní 1989 ló fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló sì di olùkọ́ni ní Vejle, ní erékùṣù Faroe àti ní Luxembourg.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn yìí. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rù pé owó yóò gba ọkàn ọmọ kúrò nílé. Wembley àti 1984 fi hàn pé ìbẹ̀rù náà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́: ọgbọ́n tí Simonsen kọ́ lóko ló gbé wá sílé. Nígbà tí Dẹ́ńmákì gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní 1992, àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun lókè-òkun, bí Peter Schmeichel, wà lára wọn. Ẹní bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó lọ sí oko, kí ó má retí pé yóò ru iṣu wálé.