Ìdílé tí Ó Ti Inú Ọkọ̀ Ẹlẹ́wọ̀n Jáde Wá

Ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, nígbà tí àwa Yorùbá bá fẹ́ mọ orírun ẹnìkan, oríkì ìdílé rẹ̀ ni a ń tẹ́tí sí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ọsirélíà kò rí orírun tiwọn bí kò ṣe nínú ìwé ẹjọ́ àti ìwé ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n.

Láti ọdún 1788 títí di ọdún 1868 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kó nǹkan bí 162,000 ẹlẹ́wọ̀n, ọkùnrin àti obìnrin, lọ sí ilẹ̀ náà, èyí tí kì í ṣe ahoro, nítorí tí ó ti ní onílẹ̀ láti ìgbà láéláé. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ṣe ju pé ó jí aṣọ tàbí àgùntàn lọ. Akọ̀wé a máa kọ orúkọ olúkúlùkù sílẹ̀, àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, a ń kọ gíga rẹ̀, àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀ àti àpá ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí a kọ kí ọwọ́ lè tẹ ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá sá, òun náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń mọ bí baba ńlá òun ti rí!

Ẹ jẹ́ kí a wo Mary Haydock, ará Lancashire, tí a bí ní ọdún 1777. Ó múra bí ọkùnrin, ó pe ara rẹ̀ ní James Burrow, ó sì jí ẹṣin. A dá a lẹ́bi ní ọdún 1790, a rán an lọ fún ọdún méje, ó sì gúnlẹ̀ sí Sydney ní ọdún 1792. Ó fẹ́ Thomas Reibey. Nígbà tí ọkọ kú ní ọdún 1811, tòun ti ọmọ méje lọ́rùn, ó gba òwò náà mú títí ó fi di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1820 ó lọ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà ní ọdún 1821. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1828, a bi í léèrè bí ó ti ṣe dé. Ó ní òun dé gẹ́gẹ́ bí ẹni òmìnira ní ọdún 1821. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n!

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Thomas Reibey, di Archdeacon, ó sì di olórí ìjọba Tasmania ní ọdún 1876. Síbẹ̀ ìtìjú náà pẹ́ ní ilẹ̀ náà; ọ̀pọ̀ òbí kò jẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ní ìlàjì ìkejì ọ̀rúndún ogún ni ìtìjú di ìyangàn, àwòrán Mary sì wà lára owó dọ́là 20 wọn láti ọdún 1994.

Ẹni tí ó bá ń wá orírun rẹ̀ níbẹ̀ a máa gba inú ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú lọ sẹ́yìn, títí yóò fi kan orúkọ ọkọ̀. Àrọ́mọdọ́mọ Mary tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò bá ìwé méjì pàdé: ọ̀kan wí pé 1792, èkejì wí pé 1821, ẹnu ìyá ńlá rẹ̀ ni èkejì sì ti jáde.