Abẹ́rẹ́ Inú Ẹyinjú: Bí Oògùn Jẹjẹrẹ Ṣe Di Oògùn Ojú Àgbà

Bí dókítà bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Iléṣà pé abẹ́rẹ́ lòun máa gún sínú ẹyinjú rẹ̀, ìpayà tó máa bá ìyá náà nídìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn alárìnkiri ti ń fi abẹ́rẹ́ ti kàtáráàtì sẹ́yìn nínú ẹyinjú, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ibẹ̀ fọ́ pátápátá. Láàárín 2005 sí 2007, ìwádìí orílẹ̀-èdè kan yẹ ojú àwọn ẹni ogójì ọdún sókè tó lé ní 13,000 wò káàkiri Nàìjíríà. Nínú ojú tí wọ́n ti tọ́jú fún kàtáráàtì, èyí tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ọwọ́ irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ ló ti kọjá. Abẹ́rẹ́ tá à ń sọ yìí kì í ti nǹkan kan sẹ́yìn. Oògùn ló ń gbé wọlé, àìsàn mìíràn tó ń bá màkúlà jà ló sì wà fún.

Màkúlà ni ààrin gbùngbùn rẹ́tínà, awọ tó tẹ́ sẹ́yìn inú ẹyinjú. Òun la fi ń kàwé, òun la fi ń dá ojú èèyàn mọ̀. Ọjọ́ ogbó a máa bà á jẹ́ lọ́nà méjì. Ti gbígbẹ ń rọra jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ti olómi le jù bẹ́ẹ̀ lọ: iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára á hù sábẹ́ rẹ́tínà, á máa jò, á máa ṣẹ̀jẹ̀, kó tó pẹ́ férémù ilẹ̀kùn á wọ́ lójú aláìsàn. Á rí agbádá ẹni tó ń bọ̀, kò ní rí ojú rẹ̀.

Kí ló ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù níbi tí kò yẹ? Ní 1948, dókítà ojú Isaac Michaelson ti fura pé ohun kan ń ti inú rẹ́tínà wá. Dókítà Judah Folkman sọ ní 1971 pé bí a bá dí ọ̀nà iṣan tuntun, ebi á pa jẹjẹrẹ. Ní 1989, Napoleone Ferrara àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Genentech ya prótéènì tó ń ṣiṣẹ́ náà sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní VEGF.

Oògùn tó ń dí VEGF lọ́nà, Avastin, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2004, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n ṣe é fún. Genentech kan náà ń ṣe ìbátan rẹ̀, Lucentis, lọ́wọ́ fún ojú. Philip Rosenfeld, dókítà ojú ní Miami, kò dúró dè é: ní 2005 ó fa Avastin ín-ín-ǹ-ín, ó sì gún un sínú ojú aláìsàn. Ibẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni ìtàn yìí ti kàn wá. Lucentis jáde ní oṣù kẹfà 2006, iṣẹ́ rẹ̀ sì ya ayé lẹ́nu: nínú ìwádìí tí èèyàn 716 kópa, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó gbà á ló tún ríran dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ó tó dé, iná lésà tó ń jó màkúlà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ Lucentis kan tó nǹkan bí 2,000 dọ́là, Avastin kò ju bí 50 lọ. Nígbà tí ìwádìí CATT fi àwọn méjèèjì wéra ní 2011, bákan náà ni ìríran àwọn aláìsàn rí. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Avastin sára àwọn oògùn kòṣeémánìí fún ojú.

Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UCH ní Ìbàdàn, Tunji Oluleye àti Babalola gbé ìròyìn jáde ní 2014 lórí àwọn àìsàn tí wọ́n ń fi oògùn yìí tọ́jú. Àwọn kan ti máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni ti màkúlà yìí. Lóòótọ́, kàtáráàtì ló fọ́ 43 nínú ọgọ́rùn-ún afọ́jú tí ìwádìí orílẹ̀-èdè yẹn rí, àìsàn màkúlà kò sì tó 2. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lára díẹ̀ náà kò ní ojú mìíràn.

Ilé ìwòsàn ńlá kò mọ sí Ìbàdàn: Iléṣà ní Wesley Guild, ilé ìwòsàn àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó wọ abẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ifẹ̀ ní 1975. Òṣogbo ní ti UNIOSUN, tí à ń pè ní LAUTECH tẹ́lẹ̀. Gígún rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gba àkókò: wọ́n á fi oògùn pa ìrora ojú, wọ́n á fi áyódíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n á gún funfun ojú, oògùn tí kò ju 0.05 mílílítà lọ á wọlé. Ìgò Avastin gba mílílítà mẹ́rin, èyí tó tó ọ̀pọ̀ aláìsàn, nítorí náà ni pípín in ṣe ń fẹ́ ìmọ́tótó tó péye: kòkòrò kan tó bá wọlé lè fọ́ ojú náà láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Wàhálà abẹ́rẹ́ yìí ni pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Oṣooṣù ni fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà bí ojú bá ṣe rí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà mọ irú gbèsè yìí: bí òṣómàáló ló ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó á fi pé, àmọ́ owó tiẹ̀ kì í pé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, NHS, ètò ìlera ìjọba, ti ń san owó Lucentis láti 2008, àgbà Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ní Òṣogbo, àpò àwọn ọmọ ló sábà máa ń ti jáde, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ẹni tó máa mú bàbá dání. Oògùn tuntun kan, Vabysmo, tó jáde ní 2022, lè jẹ́ kí aláìsàn mìíràn lo oṣù mẹ́rin kó tó padà wá. Iye tí wọ́n ń tà á ni kò tíì jẹ́ kí ó tẹ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ níbí, Avastin sì ni wọ́n ṣì ń rà.