Igbó Tí Èèwọ̀ Ń Ṣọ́ l'Ọ̀wọ̀

Kí Lẹ́kí ní Èkó tó ní ọgbà ìdáàbòbò igi àti ẹranko ní 1990, èèwọ̀ ti ń ṣọ́ igbó l'Ọ̀wọ̀. Ìtàn sọ pé Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, sá wọ Igbó Lájà nígbà tí àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ rú èèwọ̀ rẹ̀: wọ́n lọ ilá lójú rẹ̀, wọ́n da omi sí àgbàlá, wọ́n ju igi ìdáná sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń ṣọdún Igógo fún, tí agogo ń dún láìsí ìlù. Ibẹ̀ ni Ekpo Eyo ti hú ère amọ̀ ọ̀rúndún 15 jáde ní 1971. Ṣé ọkọ́ àgbẹ̀ ì bá dá wọn sí? Ní Ifọ̀n, l'Ọ̀sẹ́, òfin ìjọba ló ń ṣọ́ igbó, agégẹdú sì ń wọ̀ ọ́.