Milt Hinton, Ẹni Tí Ó Dúró Lẹ́yìn Àwọn Olórin

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní orin olóhùn mẹ́rin yóò mọ ìyọnu kan tí kì í tán nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ kọ ohùn òkè, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ń gbọ́, òun ni wọ́n sì ń kùn lẹ́nu lọ sí ilé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń gbà láti kọ ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ kò bá wá, orin a fúyẹ́ bí ìyàngbò, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn kò sì ní lè sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀.

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí ó fi ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún ṣe irú iṣẹ́ yìí láàrin àwọn olórin jáàsì ní Amẹ́ríkà. Milton John Hinton ni orúkọ rẹ̀. Milt ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Báàsì ni ohun èlò rẹ̀, èyí tí ó dà bí fáyólìn, ṣùgbọ́n tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí ó ní okùn mẹ́rin tí ó nípọn, tí olórin gbọ́dọ̀ dúró gbá mọ́ra kí ó tó lè fi ìka ta á. Nínú orin jáàsì, bí fèrè ti ń fò lọ tí ó ń fò bọ̀, oníbáàsì ni ó ń rìn ní ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, tí ó ń fi ibi tí orin dé han àwọn yòókù. Bí ó bá sáré, gbogbo ẹgbẹ́ a sáré. Bí ó bá ṣìnà, ẹni tí ń kọrin níwájú ni àwọn ènìyàn yóò rò pé ó ṣìnà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí gúdúgúdú ń ṣe lábẹ́ ìyá-ìlù yóò ti lóye ohun tí mo ń wí.

Ní Vicksburg, ìlú kan lẹ́bàá odò Mississippi, ni a gbé bí Hinton ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún 1910. Ìyá-ńlá rẹ̀, tí ó wà lára àwọn tí ó tọ́ ọ dàgbà, ni a bí sí oko ẹrú. Bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ròyìn, jẹ́ ọmọ Áfíríkà láti Monrovia ní ilẹ̀ Làìbéríà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ nígbà tí bàbá náà fi ilé sílẹ̀, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ títí ọmọ fi di géńdé. Nígbà tí Milt tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ṣalábàápàdé ọ̀pọ̀ ènìyàn funfun tí wọ́n ti pa ọkùnrin dúdú kan láìsí ìdájọ́, tí wọ́n sì so òkú rẹ̀ rọ̀ sórí igi. Nígbà tí ó darúgbó pàápàá, ó ṣì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọjọ́ náà.

Ní apá ìparí ọdún 1919 ni ìdílé náà kó lọ sí Chicago níhà àríwá, níbi tí àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ ti ṣáájú lọ wá iṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn dúdú ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà. Chicago náà kì í ṣe ilẹ̀ àlàáfíà, nítorí pé láti òpin oṣù Keje ọdún kan náà ni ìjà láàrin funfun àti dúdú ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ènìyàn 38 sì kú. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà, orin sì wà. Ìyá rẹ̀ a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1923, nígbà tí Milt pé ọmọ ọdún 13, a fún un ní fáyólìn, ó sì fi gbogbo ọkàn kọ́ ọ.

Ní ayé ìgbà náà, sinimá kò ní ohùn. Ẹgbẹ́ olórin ni ó ń jókòó níwájú aṣọ funfun tí àwòrán ń rìn lórí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọkùnrin dúdú tí ó mọ fáyólìn lè gbé rí owó iṣẹ́. Ní ọdún 1927 sinimá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí a fi tú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ká. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ńláńlá tí ń lo orin àwọn àgbà ilẹ̀ Yúróòpù kò sì gba ènìyàn dúdú sí àárín wọn. Hinton wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé àwọn ojúgbà òun tí ń fọn fèrè rí jẹ, òun kò sì rí. Nítorí náà ó gbé fáyólìn tì, ó kọ́ túbà, èyí tí í ṣe fèrè idẹ ńlá, ó sì kọ́ báàsì. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ilẹ̀kùn tí a tì ni ó gbé ọkùnrin yìí dé ìdí iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé.

Díẹ̀ ni ó kù kí ó má dé ìdí rẹ̀ rárá. Ní àkókò tí òfin Amẹ́ríkà ka ọtí títà léèwọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń bá àwọn èrò Al Capone, olórí àwọn arúfin ní Chicago, gbé ọtí kiri nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan ọkọ̀ forí sọ ọkọ̀, ìka rẹ̀ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já pátápátá. Hinton máa ń sọ pé àwọn oníṣègùn fẹ́ gé e dànù, ṣùgbọ́n nígbà tí Capone gbọ́ pé olórin ni ọmọ náà, ó ní wọn kò gbọdọ̀ gé e. Wọ́n rán an padà. Ìka náà wò tò tó títí ó fi lè ta okùn báàsì.

Ní ọdún 1930 ó bá ẹgbẹ́ Tiny Parham ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1931 ó wà lọ́dọ̀ Eddie South. South yìí jẹ́ ọ̀gá pátápátá nínú fáyólìn, ẹni tí ó ti kọ́ orin Yúróòpù jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ara rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọn. Èmi a máa ronú sí èyí nígbà mìíràn: Hinton, tí ó gbé fáyólìn sílẹ̀ nítorí àìríṣẹ́, dúró ní alaalẹ́ lẹ́yìn ọkùnrin dúdú tí kò gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi báàsì gbé e ró.

Ní ọdún 1936 ni Cab Calloway, olórin tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, mú un sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó rí ẹlòmíràn ní New York. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún 15. Ẹgbẹ́ Calloway ní ọkọ̀ ojú irin tiwọn, tí wọ́n ń sùn sí, nítorí pé ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ọ̀pọ̀ ilé àlejò ni kì í gba ènìyàn dúdú, bí ó ti wù kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn funfun pàtẹ́wọ́ fún wọn ní alẹ́ tó.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó gbé pàdé ọ̀dọ́mọdé afọnfèrè kan, Dizzy Gillespie, tí ó wọlé ní ọdún 1939. Hinton jù ú lọ ní ọdún méje, ṣùgbọ́n kò tijú láti di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní àárín eré kan sí òmíràn, yóò gbé báàsì rẹ̀ gun òkè lọ sí orí òrùlé ilé ijó, kí Gillespie lè fi ọ̀nà tuntun tí ó ń ṣàwárí hàn án. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, ní ìlú Hartford, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ju ìwé tí a fi itọ́ rún sórí pèpéle. Calloway di ẹ̀bi náà ru Gillespie, Gillespie sẹ́, ọ̀rọ̀ di ìjà, Gillespie sì fa ọ̀bẹ yọ. Hinton ni ó gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tí ọgbẹ́ náà kò fi jinlẹ̀. A lé Gillespie. Jonah Jones, afọnfèrè mìíràn, ni ó ju ìwé náà ní tòótọ́, Hinton sì wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀ràn náà bí ó ti rí fún àwọn tí ó wá béèrè lẹ́yìn náà.

Ẹ̀rí ojú rẹ̀ kò mọ sí ti ẹnu nìkan. Ní ọdún 1935, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 25, ẹnìkan ti ta á lọ́rẹ kámẹ́rà. Ó ń gbé e kiri nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń sùn, bí wọ́n ti ń jẹun. Ó tún ya wọ́n níbi tí wọ́n dúró lábẹ́ àkọlé tí ó sọ pé ẹnu ọ̀nà ti àwọn ènìyàn dúdú nìyí. Ayàwòrán tí ó bá wá láti ìta kò lè rí irú nǹkan wọ̀nyí. Bí ó bá tilẹ̀ dé, gbogbo wọn ni yóò tún ara ṣe. Ẹni tí ó ń dúró lẹ́yìn ni kò sí ẹni tí ó tún ara ṣe fún.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1951, ẹgbẹ́ Calloway tú ká, nítorí pé owó ẹgbẹ́ ńlá kò wọlé mọ́. Hinton ti lé ní ogójì ọdún, ó sì wà láìníṣẹ́ déédéé. Àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní New York kún fún iṣẹ́, ti rédíò, ti tẹlifíṣọ̀n àti ti àwo orin, ṣùgbọ́n àwọn olórin funfun ni wọ́n sábà ń pè. Jackie Gleason, aláwàdà tí ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́, pàdé rẹ̀ ní ìgboro, ó sì ní kí ó wá síbi ìgbohùnsílẹ̀ òun. Èrò rẹ̀ ní àwọn ti ní oníbáàsì. Gleason ní kí àwọn ní méjì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ẹni tí ó mọ orin í kà lójú ìwé, tí kì í pẹ́ dé, tí kì í bínú, ni àwọn oníṣòwò àwo orin ń wá, gbogbo rẹ̀ ni Hinton sì ní. Òun, Hank Jones tí ń tẹ dùùrù, Barry Galbraith onígìtá àti Osie Johnson onílù di ẹgbẹ́ kan tí a ń pè papọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ó ta báàsì fún Louis Armstrong, fún Bing Crosby, fún Aretha Franklin. Ó sì ta á fún ìpolówó ọjà pẹ̀lú. Àwọn àwo jáàsì tí ó bá wọn ṣe lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nínú àwo orin àwọn gbajúmọ̀ ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kò tẹ orúkọ àwọn onílù àti onígìtá àti oníbáàsì sí ara páálí rẹ̀ rárá. Àwọn tí ó ra àwo náà gbọ́ ọ. Wọn kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbọ́.

Àwọn kan ti sọ pé ó yẹ kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó ṣe àwo díẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú wọn, wọ́n sì dára. Ní tèmi, mo rò pé iṣẹ́ kejì, ti kámẹ́rà, ni a bá pàdánù bí ó bá jẹ́ pé níwájú ni ó ń dúró. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1958, nígbà tí Art Kane kó àwọn olórin jáàsì jọ síwájú ilé kan ní Harlem láti ya àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, Hinton wà nínú àwòrán náà. Ṣùgbọ́n ó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá, ìyàwó rẹ̀, Mona, sì mú ẹ̀rọ kékeré tí ń ya àwòrán tí ń rìn dání. Ohun tí tọkọtaya náà yà ni ó fi hàn wá bí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn ti ń dì mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹta ọdún 1959, Hinton ta báàsì níbi tí Billie Holiday ti ṣe àwo rẹ̀ ìkẹyìn, ó sì yà á bí ó ti ń tẹ́tí sí ohùn ara rẹ̀ tí ó ti rẹ̀. Ní oṣù Keje ni obìnrin náà kú.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ Hinton kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní báàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní New York, Adájọ́ ni wọ́n sì ń pè é. Ní ọdún 1988 ni a tẹ ìwé ìtàn àti àwòrán rẹ̀. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ọdún 2000, ní ọmọ 90 ọdún, àwọn fọ́tò tí ó yà sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Mẹ́rin nínú àwọn báàsì rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Oberlin, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ dúdú láti ọdún 1835.