Owó Tí Ó Kú Sínú Àpótí ní Ìkirè àti Apòmù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí èrò ń sùn sí ẹnu báńkì nítorí náírà tuntun, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968 ni ó sọ sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́kàn. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọba ológun fẹ́ kí owó tó wà lọ́wọ́ Bìáfírà di yẹpẹrẹ, ó yí àwọ̀ owó bébà padà, ó sì pàṣẹ kí aráàlú kó ti àtijọ́ wá fún pàṣípààrọ̀ kí gbèdéke tó pé. Ẹni tí ìròyìn kò tètè dé abà rẹ̀, tàbí tí ó ń bẹ̀rù ìbéèrè báńkì, bébà lásán ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Ilẹ̀ kòkó ni Ìkirè àti Apòmù. Àgbẹ̀ tí ó ta kòkó kì í náná owó náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ àpótí ni báńkì rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí pọ́n-ùn àtijọ́ bá jáde lábẹ́ aṣọ òkè lẹ́yìn ìsìnkú bàbá. Ohun tó ń dunni ni pé àwọn ọmọ mìíràn a dáná sun ún pọ̀ mọ́ ìwé gbèsè àti rìsíìtì owó-orí.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn ni wọ́n ń sun. Owó bébà àkọ́kọ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1959, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni a tẹ̀ sí i lára. Ṣáájú rẹ̀, owó kan náà ni Nàìjíríà, Gánà, Gáḿbíà àti Sàró ń ná, lábẹ́ àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912. Ní 1916 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bébà. Àwọn baba wa kò fẹ́ràn rẹ̀: ikán kì í jẹ ṣílè fàdákà, iná kì í sì í tètè jó o. Ìyẹn wà lára ohun tó sọ bébà ìgbà náà di ọ̀wọ́n lónìí.

Ọjà Apòmù ti mọ owó kí bébà tó dé. Níbẹ̀ ni Ifẹ̀, Òwu, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, tí wọ́n ń fi owó ẹyọ ṣòwò: ẹyọ 40 ni okùn kan, okùn 50 ni egbàá, egbàá 10 ni ọ̀kẹ́. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé tà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjà lórí atare tí iye rẹ̀ kò ju ẹyọ owó díẹ̀ lọ ni ìtàn sọ pé ó fa Ìjẹ̀bú wọ ogun tó pa Òwu run ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí ni ẹyọ mélòó kan jámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi ìlú?

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni owó ti ń kú. Ní ilẹ̀ Pólándì, bébà tí wọ́n tẹ̀ nígbà ọ̀tẹ̀ Kościuszko ní 1794 ni owó bébà àkọ́kọ́ wọn. Ọ̀tẹ̀ náà wó lọ́dún kan náà, owó náà sì di òfo. Lónìí àwọn olùkójọ ń wá a kiri. Ní 1950, ìjọba wọn pààrọ̀ owó lójijì: owó oṣù àti owó báńkì gba 3 fún 100, owó ọwọ́ gba 1 péré. Àgbẹ̀ tó fi owó sábẹ́ ibùsùn níbẹ̀ mọ ohun tí ti Ìkirè mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo owó àtijọ́ ni ó níye lórí, o. Pọ́n-ùn Bìáfírà pọ̀ lọ́jà àgbáyé, kò sì wọ́n bí àwọn kan ṣe ń pariwo. Ìmọ́tótó bébà, ọdún rẹ̀ àti ìbuwọ́lù ara rẹ̀ ni olùkójọ ń wò. Bébà tí a fọ̀, tí a lọ̀, tàbí tí a fi téèpù lẹ̀ ti pàdánù iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú àpótí bàbá rẹ̀, kí ó fi owó náà sílẹ̀ bí ó ti bá a, ìdọ̀tí àti gbogbo rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti abà tí ó ti rí i sórí ìwé mìíràn.