Ọkàn Tó Tòrò

Ní èbúté Igbókòdá, níbi tí a ti ń wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, wọ́n lẹ ìwé ìkéde kan mọ́ òpó. Àwọn elétò ìlera kan ló kọ ọ́, wọn ò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. "Ilera opolo" ló wà lókè rẹ̀, gàdàgbà. Ọmọkùnrin kan tó ń retí ọkọ̀ kà á sókè fún ìyá àgbà kan tó jókòó ti agbọ̀n edé gbígbẹ rẹ̀: "Ìlera ọ̀pọ̀lọ́."

Ìyá wò ó sùn-ùn. "Ọmọ mi, ọ̀pọ̀lọ́ ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, àmọ́ ẹ̀rín tèmi korò díẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fi àmì sí i, kí ló kan ọpọlọ? Ọpọlọ ni ohun rírọ̀ tó wà nínú agbárí, tí oníṣègùn lè gbé sórí àwo. Yorùbá kì í fi í bínú, kì í fi í yọ̀. Inú ló ń dùn, ọkàn ló ń balẹ̀, àyà ló ń já, orí ló ń pé tàbí kó dàrú. Ẹni tó ṣẹ̀dá ìlera ọpọlọ kò wo ibi tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sí. Ó kàn ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹ̀pà, ó ń fi tiwa dí àyè wọn.

Ẹnì kan yóò ní a kúkú ní orí pípé. A ní i lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí orí rẹ̀ pé ni ẹni tí kì í ṣe wèrè, ohun tí à ń wá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Marie Jahoda, onímọ̀ ìhùwàsí, ti wí i nínú ìwé rẹ̀ ní 1958 pé àìsí àrùn nìkan kò tó ká fi pe ènìyàn ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá. Ká sọ ohun tó wà níbẹ̀, ká má kàn sọ ohun tí kò sí. Àlàáfíà ọkàn ni èmi yóò fi rọ́pò ti ara òpó yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àlàáfíà ti wá, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá bú àwọn ẹlòmíràn kò yẹ kó máa yá ọ̀rọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ara líle gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbi tó ti wá, ó sì ti bá wa gbé débi pé ó ti kọ ilà. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ lé àdúrà, kó lé wàhálà, kó sì yọ àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀.

Ní 1989, Carol Ryff, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, to nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ tí a fi ń mọ ẹni tí ayé rẹ̀ gún régé. Márùn-ún kò gba ìjà: kéèyàn gba ara rẹ̀ bó ṣe rí, àjọṣe rere, ìdádúró, ète, ìdàgbàsókè. Ìdádúró lè dún bí àdádó létí àwọn kan, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ohun tí obìnrin náà ní lọ́kàn ni pé kéèyàn mọ bí a ti ń ṣe é níbi tó bá ti bá ara rẹ̀, kó mú èyí tó bá a mu, kó tún èyí tí kò bá a mu ṣe. Mo rí i nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó túmọ̀ rẹ̀ sí "ìkápá àyíká".

Kí wọ́n gbé ìkápá àyíká wá sí Ayétòrò. Òkun ti jẹ adúgbò mélòó kan níbẹ̀. Ilé tó wà láàárín ìlú nígbà kan ti di ilé etí omi, èyí tó wà létí omi ti di ìtàn. Síbẹ̀ apẹja ń jí, ó ń wo ojú sánmà, ó ń wo bí omi ṣe ń ru, ó ń pinnu bóyá kí òun jáde ni tàbí kí òun jókòó tún àwọ̀n ṣe. Kò sí apẹja tó máa sọ fún ọ pé òun kápá òkun. Ó mọ ọkọ̀ ọ́ tù ni. A ti ní mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà fún ẹni tó mọ̀wé. Ọ̀nà kan náà la lè gbà ṣẹ̀dá mọ̀ọ́tù. Ìmọ̀ọ́tù ni ìwà náà, onímọ̀ọ́tù ni ẹni tó ní i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní èdè ní ó dún bí orúkọ ìpara. Mo ní kó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó sùn. Mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà náà kò lè dùn lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ó kan ìtẹ́lọ́rùn. Kò yẹ kó fa ariwo, ọmọ ọdún méje gbọ́ ọ, àmọ́ àwọn oníwàásù ti ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn ni ẹni tó ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ọ̀run. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, irọ́ ni. Ohùn ló máa ń tú àṣírí. Bí ní bá pàdé ọ̀run, lọ́run ló ń dà. Bó bá pàdé ọrùn, ó di lọ́rùn. Lọ́rùn la sì ń pè nínú ìtẹ́lọ́rùn, ọrùn tó gbé orí dúró. Tẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni tẹ́ inú tẹ́ ẹní, tẹ́ inú tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú tí èmi fi ń wò ó ni pé ohun tó tẹ́ni lọ́rùn ni ohun tó jókòó síni lára láìfúnni, bí ọrùn bùbá tí aránṣọ wọ̀n dáadáa. Kò sọ pé aṣọ náà pọ̀, kò sọ pé ó wọ́n.

Ìwà tí ẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn ń hù lójoojúmọ́ láìtún ronú kó tó hù ú ńkọ́, kí la ó pè é? Àṣà tóbi jù, ti gbogbo ìlú ni. Bárakú sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ti bá sìgá àti ikọ́ rìn, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́; ẹ tú u wò, bá ara kú ni. Ẹ ò lè sọ pé ìmoore jẹ́ bárakú ẹnì kan kí wọ́n má bá a wá àgbo. Àmọ́ a máa ń sọ pé nǹkan ti mọ́ ni lára. Ìmọ́lára, nígbà náà. Ẹ wá wo bí èdè yìí ṣe ń ṣeré: ìmọ̀lára ni ohun tí ara mọ̀, bí ayọ̀, bí ìbẹ̀rù, ìmọ́lára ni ohun tó ti mọ́ ara. Àmì kan péré ló là wọ́n láàárín, onímọ̀ ìhùwàsí sì lè fi odidi sáà kan ṣàlàyé bí ọ̀kan ṣe ń bí èkejì. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ṣì wọ́n kọ. Kí wọ́n kọ́ àmì ohùn.

Mo dé ọ̀dọ̀ Abraham Maslow, onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà. Ó gbé àbá rẹ̀ jáde ní 1943, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú nínú ìwé ọdún 1954. Ọ̀rọ̀ tó fi dé e ládé, ọwọ́ Kurt Goldstein, dókítà ará Jámánì, ló ti gbà á. Lẹ́yìn oúnjẹ, ààbò, ìfẹ́ àti iyì, ó ní ènìyàn ṣì ń wá bí òun yóò ṣe di ohun tí òun lè dà. Àwọn tó bá dé bẹ̀ ń rí ayé bó ṣe rí, wọ́n lè dá jókòó, ẹ̀fẹ̀ wọn kì í gún ẹlòmíràn, oòrùn tó wọ̀ lánàá ṣì ń yà wọ́n lẹ́nu bó bá ń wọ̀ lónìí. Ó tó lórí Maslow. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ adé yẹn sí ìmúṣẹ-ara-ẹni! Ìlérí là ń mú ṣẹ, àsọtẹ́lẹ̀ là ń mú ṣẹ. Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ẹ̀dá ti kúnlẹ̀ yàn kó tó dáyé, nítorí náà ẹ̀dá lè ṣẹ. Mo fún un ní ìdajì òótọ́.

Ẹ wo àṣeyọrí. Ká ṣe é títí orí yóò fi yọ. Níbo ni orí ti ń yọ? Mi ò rò ó rí àfi lọ́dún tó kọjá, tí mo dúró lórí afárá pákó ní Ayétòrò, tí mo ń wo àwọn ọmọdé tó ń bẹ́ sómi. Ọ̀kan rì, omi bò ó mọ́lẹ̀, mo kà dé méje. Àfi gbàà tí orí rẹ̀ yọ, omi ń kán ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni tó bá ń wò ó. Ìyọrí nìyẹn. Orí tí a yàn ni, orí tó yọ lókè omi ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Ìyọrí-ẹni, mi ò ní gba òmíràn.

Èyí tó kù, orúkọ fún ọkàn tó balẹ̀, ni mo tìtorí rẹ̀ wọkọ̀. Àwọn Aládùúrà tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àpò kan, gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wà lọ́wọ́ wọn láti fi sọ ìlú. Wọn ò pè é ní Ìlú Ayọ̀. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di Happy City. Stanley Barrett, tó kọ ìwé nípa wọn ní 1977, fi orúkọ bò wọ́n láṣìírí, ó pè wọ́n ní Olowo, kò fàmì sí i. Bó bá jẹ́ olówó ló ní lọ́kàn, ó jìnnà sí ohun tí wọ́n sọ ara wọn. Tòrò! Omi ló ń tòrò. A pọn omi, ó ru, ẹrẹ̀ ń pòyì nínú ìkòkò. A fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ rọlẹ̀, a rí ìdí ìkòkò kedere. Ẹrẹ̀ náà kò sì kúrò níbẹ̀ o, ìsàlẹ̀ ló wà. Kí ni mo tún ń wá? Ọ̀rọ̀ ìdààmú wa kúkú ti wà lómi tẹ́lẹ̀: ọkàn ń ru sókè, ọkàn pòrúúru, rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀. Ìtòrò ọkàn ló bá wọn dọ́gba. Bí àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé ibẹ̀ bá fẹ́ máa pè é ní utòrò, tiwọn ni. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó ń pe ìlú wọn ní Ugbò kò bẹ̀rù u.

Lọ́jọ́ ìwé ìkéde yẹn, nígbà tí ọkọ̀ wa ti jìnnà sí èbúté, mo kọ ọ́ sórí bébà, mo nà án sí ọmọkùnrin tó kàwé lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ ń fò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí àmì kankan fi sí i.

Ó gbé e sójú. "Ìtọrọ ọkàn."

Ìyá àgbà gbé orí sókè lórí agbọ̀n rẹ̀. "Kí ló ń tọrọ?"

Mo gba bébà náà padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò mi nínú àpò.