Àwọn Iṣẹ́ Tí Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Lásán Kò Tó Fún

Ẹni tó mọ lẹ́tà tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ti mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ yẹn kò tí ì di iṣẹ́. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ní ẹwìrì, tí gbẹ́nàgbẹ́nà ní ayùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òde òní ṣe ní sọ́fítíwíà tirẹ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Òǹwáṣẹ́ tó bá ní òun mọ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tó mọ̀ níbẹ̀.

Pákó, rúlà àti pẹ́ńsù ni àwọn ayàwòrán ilé fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ Autodesk tó gbé AutoCAD jáde lóṣù Kejìlá, ọdún 1982. Lónìí, bí onílé bá ní kí wọ́n fẹ yàrá kan sí i, kò di dandan kí wọ́n tún gbogbo àwòrán yà láti ìbẹ̀rẹ̀. ArcGIS tàbí QGIS ni àwọn awọnlẹ̀ ń lò láti fi ya máàpù.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, irú àwọn tó pọ̀ ní Ṣómólú l'Ékòó, CorelDRAW tó jáde lọ́dún 1989 wà fún káàdì ìpè àti kàlẹ́ńdà, Photoshop ti ọdún 1990 sì wà fún fọ́tò. Ibí yìí ni àìmọ̀ ti máa ń jẹ owó. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń po àwọ̀, ṣùgbọ́n tàdáwà oríṣi mẹ́rin mìíràn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò bá yí i padà, àwọ̀ tí oníbàárà rí tẹ́lẹ̀ kọ́ ni yóò jáde lórí ìwé. Nígbà tí wọ́n bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan tán, ta ni yóò san owó rẹ̀?

Excel, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1985, àti Sage 50, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Peachtree tẹ́lẹ̀, ni àwọn oníṣirò owó ń lò. Ètò wọ̀nyí mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ̀ bóyá owó tó wọlé ni akọ̀wé kọ sí ojú owó tó jáde. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ìṣirò owó yóò kàn máa yára ṣe àṣìṣe ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ yàn, kó tó yan ètò tí yóò kọ́. Àìlówó kò ní kó jókòó lásán: ọ̀fẹ́ ni QGIS, GIMP, Inkscape àti LibreOffice. Kí òbí tó sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kó béèrè iye wákàtí tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, kó sì ní kí olùkọ́ fi iṣẹ́ tóun náà ti ṣe hàn. Ìwé ẹ̀rí tó to orúkọ ètò mẹ́wàá jọ kò tó iṣẹ́ mẹ́ta tí ọmọ ṣe parí, tó ṣeé gbé síwájú ọ̀gá. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò bá bọ̀.